Iná Orí Ọdẹ Ìbàdàn

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn ọdẹ òyìnbó tí kì í tán: ṣé awò olójú méjì tó ń fa ọ̀ọ́kán mọ́ra, tó sì tún ń sọ bí ẹran ti jìnnà tó, ni kí ènìyàn rà, àbí kó ra awò lọ́tọ̀, kó ra ohun ìwọnnà lọ́tọ̀? Leica ti Jámánì ló gbé méjèèjì pọ̀ sínú Geovid lọ́dún 1992. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn, ọdẹ tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká á rẹ́rìn-ín. Ẹran tí kò bá sún mọ́ ọn kì í ṣe ẹran tirẹ̀. Kí ló fẹ́ fi iye mítà ṣe? Ohun tí yóò fi ríran lóru ló ń wá. Síbẹ̀, irú àríyànjiyàn yẹn ti wà lórí tirẹ̀ náà tipẹ́, nítorí orí ló ń gbé iná sí: ṣé kí gbogbo rẹ̀ jọ wà lórí ni, àbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?

Oru ni ọ̀yà, òkété àti ẹtu ń jẹ̀. Ojú wọn máa ń dá iná padà bíi dígí, ìyẹn sì ni ọdẹ ń wò nínú igbó, kì í ṣe ara ẹran. Òṣùpá kì í bá iṣẹ́ yìí mu.

Kábáìdì ló kọ́kọ́ sọ iná di ohun tí a lè dè mórí kí ó sì mọ́lẹ̀ gan-an. Lọ́dún 1892, Thomas Willson, ará Kánádà, ń wá nǹkan mìíràn nínú iná ìléru ní North Carolina nígbà tó ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1900, Frederick Baldwin gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí àtùpà kábáìdì ní Amẹ́ríkà. Àwọn awakùsà ló sọ ọ́ di ti orí, ọdẹ sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilé méjì ló ní: omi lókè, kábáìdì nísàlẹ̀. Omi á máa kán tó, tó, tó. Gáàsì á gba ihò tín-ín-rín jáde síwájú àwo dídán, iná á ràn. Kìlógíráàmù kan kábáìdì lè mú nǹkan bí lítà 300 gáàsì jáde. Bí omi bá tán nínú igbó, ìtọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ó ń rùn bí aáyù, ẹran sì nímú. Afẹ́fẹ́ lè pa á. Èyí tó burú jù ni pé iná gidi ló ń jó níwájú orí ẹni tó ń fọwọ́ rọ ẹ̀tù sínú ìbọn. Òfin pàápàá kò fojúure wò ó: àdéhùn tí àwọn ìjọba amúnisìn bu ọwọ́ lù ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1933 lórí ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà ní kí wọ́n má fi iná tó ń fọ́ni lójú ṣọdẹ mọ́. Ta ló gbọ́?

Tọ́ọ̀ṣì mú òórùn kúrò, àmọ́ ó gba ọwọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ méjì ni ìbọn ń fẹ́. Àwọn kan fi rọ́bà túùbù dè é mọ́ iwájú orí. Àwọn mìíràn gbé gílóòbù sórí, wọ́n so bátìrì mọ́ ìbàdí, wáyà á gba ẹ̀yìn wá. Orí fúyẹ́, ṣùgbọ́n igi igbó ń fa wáyà já.

Gílóòbù LED ló yanjú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Akasaki, Amano àti Nakamura ṣe, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí lọ́dún 2014, ló mú kí iná funfun tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀ ṣeé ṣe. Báyìí, iná àti bátìrì jọ wà lórí, bíi Geovid náà. Èmi fara mọ́ àpapọ̀ yìí, àmọ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré nínú àpò: tí iná tàbí bátìrì bá kú, ìkejì ti bá a lọ nìyẹn; láìsí tọ́ọ̀ṣì, ọdẹ á sùn sínú igbó.

Kì í ṣe igbó nìkan ni iná yìí ń lọ. Ọdẹ náà là ń pe ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò, látìgbà tí Ìbàdàn ti ń fi ọdẹ ṣọ́ òru. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹgbẹ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí ojú wà lára wọn fún iṣẹ́ náà.

Kábáìdì ti di ti àwọn wẹ́dà, àti ti àwọn tó ń fi í mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n bí àjọ NAFDAC tilẹ̀ ń kìlọ̀. Bí àtùpà bàbá yín bá ṣì wà ní àjà ilé, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Aleṣinlọ́yẹ.