Ta Ló Lè Díwọ̀n Àgbà? Ọlájùwọ́n, Toronto àti Àwa Ọmọ Èkó

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a mọ bí a ti ń to àgbà. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni àwọn ìjòyè Ọba Èkó pín sí. Àwọn Akárìgbẹ̀rẹ̀, tí Elétù Òdìbò jẹ́ olórí wọn, ni afọbajẹ; àwọn Ìdẹ́jọ ló ni ilẹ̀; àwọn Ògáládé ló ń bójú tó ètùtù; àwọn Àbàgbọ̀n, tí Aṣògbọ́n ń ṣíwájú wọn, sì ni olóyè ogun. Kò sí ẹni tí yóò rán Ògáládé lọ sójú ogun, kí ó tún wá máa ṣàròyé pé àgbà náà kò lè sáré mọ́. Àga tí àgbà jókòó lé ni a fi ń mọ iṣẹ́ tí a ó fi lọ̀ ọ́. Ìlànà àtijọ́ yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni.

Lọ́dọọdún, nígbà tí ìdíje NBA bá parí ní Amẹ́ríkà, àdéhùn ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù máa ń parí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí ti di òmìnira ara rẹ̀. Ó lè lọ sí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ tí òun náà sì fẹ́. Nínú irú wọn ni a ti ń rí àwọn àgbà gàgàrà: àwọn tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, tí wọ́n ti lé ní ọdún 35, tí òkìkí wọn ṣì ń tàn ká ṣùgbọ́n tí orúnkún wọn ti ń ké. Iṣẹ́ wọn kò pamọ́: kí wọ́n dúró sí abẹ́ apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dí bọ́ọ̀lù ọ̀tá, kí wọ́n sì gba èyí tó bá ta padà. Ohun tó ṣòro ni iye tí a ó san fún wọn àti iye ọdún tí a ó fi bá wọn dá májẹ̀mú.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tokunbọ̀ kì í fi ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ṣe ìdájọ́. Yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ́tí sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún, yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òun fẹ́ fi í dé. Ọkọ̀ tó lè gbé ènìyàn láti Ìdúmọ̀tà dé Òbáléndé láìsí wàhálà lè má dé Sókótó láé. Nínú ìtàn, ọmọ Èkó kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi èyí hàn ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1963 ni a bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní Èkó. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, Sàlímù àti Abíkẹ́, tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ ń gbá, ẹnu ilé ni ó sì ń ṣọ́; ó tún ń gba bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1980, ó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì wọ Yunifásítì Houston. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, láti ọdún 1982 sí 1984, ni ẹgbẹ́ yunifásítì náà wà lára mẹ́rin tó kù nínú ìdíje àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Kí a má gbàgbé pé lẹ́sẹ̀ àgbà ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ní gbọ̀ngàn ìṣeré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde ní ìlú Houston, Moses Malone, tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú NBA nígbà náà, máa ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí figagbága ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Malone a fi èjìká tì í, a fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un, ọmọ Èkó a sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Owó kò sí nínú rẹ̀, ìwé àdéhùn kò sì sí, ṣùgbọ́n ohun tí Ọlájùwọ́n rí gbà níbẹ̀ kò ṣe é fowó rà.

Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un ní ẹni àkọ́kọ́, ṣáájú Michael Jordan tí Chicago mú ní ẹni kẹta. Ní ọdún 1994, ó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, oyè adènà tó dára jù lọ, àti oyè ẹni tó tayọ jù lọ nínú àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ ní sáà kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Rockets gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún náà lẹ́yìn ìdíje méje pẹ̀lú New York, wọ́n sì tún gbà á ní ọdún 1995 nígbà tí wọ́n na Orlando ní mẹ́rin sí òdo.

Lẹ́yìn náà ni Rockets bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àgbà jọ. Clyde Drexler ti wà pẹ̀lú wọn. Ní ọdún 1996, wọ́n mú Charles Barkley wá, ẹni ọdún 33. Nígbà tí Drexler fẹ̀yìn tì ní ọdún 1998, wọ́n lọ mú Scottie Pippen wá, ẹni tó gba ife mẹ́fà pẹ̀lú Jordan. Bí a bá ka orúkọ wọn, ẹ̀rù ọ̀tá yóò bà á. Ṣùgbọ́n wọn kò gba ife kankan mọ́. Utah ló dá wọn dúró ní ọdún 1997, Utah náà ló sì tún lé wọn sílé ní ọdún 1998. Wọ́n rò pé bí a bá kó òkìkí mẹ́ta jọ, agbára mẹ́ta ni yóò jẹ́. Òkìkí kì í sáré padà lọ dènà.

Báyìí ni a dé ọdún 2001. Ọlájùwọ́n ti pé ẹni ọdún 38. Nínú sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìdíje 58 péré ni ó kópa nínú rẹ̀, ìpíndọ́gba àmì ayò rẹ̀ sì jẹ́ 11.9. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àdéhùn rẹ̀ parí. Houston, níbi tó ti lo ọdún 17 nínú iṣẹ́ yìí, fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ Toronto Raptors ní Kánádà fi mílíọ̀nù 18 lọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ní oṣù Kẹjọ, Houston gbà kí ó lọ, Toronto sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù méjì ní ọdún 2002.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe yára pe Toronto ní òpè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ìdíje méje ni wọ́n bá Philadelphia fà, àmì ayò kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi pàdánù ìkeje, 88 sí 87. Ẹni tó dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ Philadelphia ni Dikembe Mutombo, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò, tó ń sún mọ́ ọdún 35, tí Philadelphia sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá ní oṣù Kejì ọdún náà. Toronto ti fojú ara wọn rí ohun tí àgbà gàgàrà lè ṣe fún ẹgbẹ́ tó kù díẹ̀ kó gòkè. Wọ́n ní Vince Carter, ọ̀dọ́ tó ń fò bí ẹyẹ. Wọ́n rò pé òpó kan péré ló kù kí ilé dúró.

Ìdíje 82 ni ẹgbẹ́ NBA kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan, kí ìdíje ìfagagbága tó bẹ̀rẹ̀. Ọlájùwọ́n kópa nínú 61. Ìpíndọ́gba àmì ayò rẹ̀ jẹ́ 7.1, bọ́ọ̀lù tó ń gbà padà sì jẹ́ 6.0, èyí ló kéré jù nínú gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ lórí pápá. Carter farapa. Toronto pàdánù ìdíje 13 léraléra, wọ́n tún gbéra sọ, wọ́n sì fi ìṣẹ́gun 42 wọ ìdíje ìfagagbága, níbi tí Detroit ti lé wọn sílé. Nígbà tí ìwọ́wé ọdún 2002 dé, ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ọmọ Èkó náà lè tẹ̀ síwájú mọ́, ó sì fẹ̀yìn tì nígbà tí àdéhùn ọdún mẹ́ta kò tíì ju ọdún kan lọ. Bọ́ọ̀lù 3,830 tó dí nígbà ayé rẹ̀ ṣì ni ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá nínú àkọsílẹ̀ NBA. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, Houston gbé aṣọ rẹ̀, nọ́ńbà 34, kọ́ sókè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ̀ ọ́ mọ́.

Ta ni kí á dá lẹ́bi? Ọ̀pọ̀ ni wọ́n sọ pé ọjọ́ orí ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Toronto ṣe ni pé wọ́n wo ọdún 1994 láti fi díye lé ọdún 2001. Wọ́n fi ọdún mẹ́ta lọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ojúmọ́ lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó yẹ fún Òbáléndé ni wọ́n gbé dojú kọ ọ̀nà Sókótó.

Houston náà kọ́gbọ́n. Ní ọdún 2002, wọ́n mú Yao Ming, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ní ẹni àkọ́kọ́. Ní ọdún 2004, wọ́n mú Mutombo kan náà wá, tó ti pé ẹni ọdún 38, iye ọjọ́ orí Ọlájùwọ́n nígbà tó lọ sí Toronto. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí ó wá jẹ́ òpó ilé. Igbákejì Yao ni wọ́n fi ṣe, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2008, Yao farapa lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti borí nínú ìdíje 12 léraléra. Baba ẹni ọdún 41 dìde láti orí àga, ó dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́gun náà kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi pé 22. Ọjọ́ orí kan náà. Àga tí wọ́n gbé fún àgbà ló yàtọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gíga nìkan ti tó. Michael Olowókàndí, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1975 tó sì dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n mú ní ẹni àkọ́kọ́ ní ọdún 1998. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí ní ọdún 2003, Minnesota gbà á, ẹni ọdún 28 péré. Ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ju ìdíje 43 lọ ní sáà náà. Ọ̀dọ́ tí ara ń dùn lè kéré níwọ̀n ju àgbà tó mọ ibi tí òun yóò dúró sí.

Kí ni èyí kàn wá nílé? Ó kàn wá gan-an. Nígbà tí D'Tigers kọ́kọ́ yẹ fún ìdíje Olympic, ní ọdún 2012, Olúmìdé Oyèdèjì, ọmọ tí a bí ní Ìbàdàn, ni ọ̀gágun wọn. Ó ti lé ní ọdún 30, ó ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti ní Ṣáínà. Ìdíje kúkúrú ni Olympic. Àgbà lè kó gbogbo okun rẹ̀ jọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bákan náà ni líìgì ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní BAL. Nígbà tí Kwara Falcons láti Ìlọrin ṣojú wa níbẹ̀ ní ọdún 2023, ìdíje márùn-ún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ní ìpele àkọ́kọ́ ní Dakar. Fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, àgbà gàgàrà tí àdéhùn rẹ̀ ti parí lè níye lórí ju bí ó ti níye lórí fún ìdíje 82 lọ.

Ṣùgbọ́n ibo ni àgbà wa yóò ti rí àga? Ìjà lórí ta ni yóò darí àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ dá líìgì ilé dúró fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé Nàìjíríà yọwọ́ nínú ìdíje àgbáyé fún ọdún méjì. Kí wọ́n tó yí ohùn padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gba àyè àwọn obìnrin wa nínú Ife Àgbáyé fún Mali. Ọdún kan tó ṣòfò báyìí kò dun ọmọ ogún ọdún púpọ̀. Fún ẹni ọdún 34, ó lè jẹ́ ọdún tó kù un kù.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba àgbà, ìbáà jẹ́ ní Toronto tàbí ní Campos Square ní Pópó Àgùdà, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ó bi ara rẹ̀. Báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí lónìí, kì í ṣe lánàá? Àlàfo wo ni a fẹ́ kí ó dí? Báwo ni ìrìn náà ti gùn tó? Kí ni yóò ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ nígbà tó bá lọ?

Ìbéèrè ìkẹrin yìí ni Toronto gbàgbé jù. Lẹ́yìn tí Ọlájùwọ́n fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀gá bíi Kobe Bryant, Dwight Howard àti LeBron James lọ bá a ní Houston kí ó kọ́ wọn bí a ti ń yí ọ̀tá lójú lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ohun tí Malone fún un ní Fonde ni ó ń fún àwọn náà. Ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ọgbọ́n kò rẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹsẹ̀ àgbà yóò ṣòfò. Ẹni tó bá gbé àga rẹ̀ síbi tó yẹ yóò jèrè. Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́.