Fọlá Adéọlá: Ọ̀gá Tó Dìde Nígbà Tí Àga Ṣì Ń Dùn

 

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá wa nìkan ló lè fọwọ́ sí owó. Lọ́jọ́ tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, iṣẹ́ dúró, owó oṣù wa náà dúró. Àtìgbà yẹn ni mo ti máa ń bi ara mi pé: bí ọ̀gá ò bá sí, ṣé ilé á ṣì dúró? Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Fọlá Adéọlá lónìí.

Ọ̀pọ̀ wa ló ti tẹ *737# rí, àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ àwọn tó dá GTBank sílẹ̀? Wọ́n bí Adéọlá ní 1954. Ó kàwé ní Yaba College of Technology, ó sì di oníṣirò owó. Ní 1990, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Táyọ̀ Adérinókun, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ, wọ́n dá Guaranty Trust Bank sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ò ju ẹni ọdún 36 lọ. Adéọlá ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́.

Ẹ rántí pé ayé ológun nìyẹn. Báǹkì tuntun ń yọ lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pọ̀ ò sì ní ìpìlẹ̀. Ilé tá a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: ní 1998, Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì 26 lẹ́ẹ̀kan náà. GTBank dúró digbí.

Ibi tí ìtàn ti wá dùn rèé. Ní 2002, Adéọlá fi ipò sílẹ̀. Ẹni ọdún 48 péré ni. Báǹkì ò ṣàìsàn, kò sì sí òfin tó sọ iye ọdún tí ọ̀gá báǹkì lè lò. Ó kàn dìde, Adérinókun sì jókòó.

Ẹ má jẹ́ ká pọ́n ọn kọjá bó ṣe yẹ o. Ọdún 12 lòun náà lò, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dá ilé sílẹ̀ ló sì gbé e fún. Ìdánwò gidi dé nígbà tí Adérinókun kú ní oṣù Kẹfà 2011. Ṣẹ́gun Agbájé, tó ti wà níbẹ̀ láti 1991, gba iṣẹ́, báǹkì ò sì mì. Ní 2021, Miriam Olúsànyà di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà báǹkì náà. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Níbòmíràn ńkọ́? Ní 2009, Sanusi tó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá báǹkì mẹ́jọ nípò. Ní 2010, wọ́n ní kí ọ̀gá báǹkì kankan má lò ju ọdún 10 lọ. Ohun tí Adéọlá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe, òfin ló wá ń fi ipá mú àwọn yòókù ṣe.

Òun alára ò sì jókòó lásán. FATE Foundation tó dá sílẹ̀ ní 2000 ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òwò ṣíṣe. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí fóònù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀: bẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò oṣù kan, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹni náà láti òní.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.