Bí Microsoft Ṣe Ra Sysinternals, àti Ohun Tó Kàn Wá Nínú Rẹ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2006, Microsoft kéde pé àwọn ti ra Winternals Software, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas. Wọn ò sọ iye tí wọ́n rà á. Àwọn méjì tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, Mark Russinovich àti Bryce Cogswell, náà ló ni Sysinternals, àkójọ irinṣẹ́ kéékèèké fún Windows tí ẹnikẹ́ni lè wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìná kọ́bọ̀. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń lo irinṣẹ́ wọ̀nyí, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn tó ń lò ó léèrè kí wọ́n tó tà á.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn èèyàn tó wà láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè gan-an. Ìlú àwọn Ìdáàṣà, ìlú olókè mọ́kànlélógójì, wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí Kútọnu, níbi tí ọ̀nà ti pínyà, tí ọ̀kan gba Savalou lọ, tí èkejì sì forí lé Ṣábẹ̀ àti Parakou. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó gba Kútọnu wọlé ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀. Owó íntánẹ́ẹ̀tì ò rọrùn, fún ìdí yìí, fláàṣì ló ń gbé iṣẹ́ kiri: akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì, olùkọ́ á gbé e wá láti tẹ ìbéèrè ìdánwò, akọ̀wé ìjọ á gbé e dé nígbà tí ìrìnàjò mímọ́ ti Arigbo bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ náà ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà ràn. Irú èyí tó wọ́pọ̀ ni èyí tó máa ń fi fóódà ẹni pamọ́, tó máa wá fi òmíràn tó jọ ọ́ síbẹ̀. Téèyàn bá ti tẹ ayédèrú náà, fáírọ́ọ̀sì ti wọlé nìyẹn.

Ibí yìí ni Autoruns, ọ̀kan lára irinṣẹ́ Sysinternals, ti wúlò. Kò béèrè pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi òun sórí kọ̀ǹpútà. Orí fláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá ṣí i, á to gbogbo ohun tó máa ń dìde fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìlà tó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni èyí tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tàbí tí a kò lè fìdí orúkọ náà múlẹ̀. Ìlà aláwọ̀ yẹ́lò ni èyí tí fáìlì rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ kó wà mọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe á wá yọ àmì tó wà níwájú ìlà tó fura sí, á pa ẹ̀rọ, á tún un tàn. Bí wàhálà náà ò bá padà wá, ọwọ́ ti ba olè.

Ní ìparí ọdún 1995, lásìkò tí ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé wáyé ní Kútọnu, ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ Benin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Russinovich àti Cogswell bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh ni wọ́n ti mọra, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gboyè ọ̀mọ̀wé. Winternals ń ta irinṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì wọn, tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní NTInternals kó tó di Sysinternals, ń pín irinṣẹ́ kéékèèké lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n ń pín ló ń polówó èyí tí wọ́n ń tà. Òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ti fi Filemon, ọ̀kan lára irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ wọn, wá ohun tó ń jẹ fáìlì rẹ̀ rí, tó sì rí i, kò ní ṣiyèméjì láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n ra ERD Commander, èyí tí wọ́n fi ń jí Windows tó kọ̀ tí kò dìde.

Lọ́dún 1996 kan náà, Russinovich tú àṣírí kan. Microsoft ń ta Windows NT Workstation àti Windows NT Server ní iye tó jìnnà síra, wọ́n sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ohun méjì ni. Ó yẹ inú wọn wò, ó sì rí i pé kóòdù kan náà ni. Nǹkan méjì péré tí wọ́n kọ sínú registry, ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, ló ń sọ fún ẹ̀rọ náà bóyá Workstation ni tàbí Server. Ẹni tó tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ni Microsoft wá gbà wọlé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà.

Ohun tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá lójú àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2005. Ó ń dán RootkitRevealer, irinṣẹ́ kan tí òun àti Cogswell ṣe, wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ló bá rí i pé ohun kan fara pa mọ́ síbẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé orí àwo orin Sony BMG kan tó fi owó ara rẹ̀ rà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Bìrìtéènì, First 4 Internet, ló ṣe ètò tó wà nínú àwo náà káwọn èèyàn má bàa ṣe ẹ̀dà orin. Gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $sys$ ló ń fi pamọ́ fún ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Ohunkóhun tó bá jẹ́ orúkọ náà, títí kan fáírọ́ọ̀sì, lè sá pamọ́ síbẹ̀. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, Sony ti ń kó àwọn àwo náà kúrò lọ́jà, àwọn èèyàn sì ti ń pè é lẹ́jọ́. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló tú u fó.

Nígbà tí Microsoft rà wọ́n, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé wọ́n á pa irinṣẹ́ náà tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi Russinovich sí ọ̀kan lára ipò tó ga jù fún onímọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, ó sì ń bá irinṣẹ́ náà lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, wọ́n pa Filemon àti Regmon, irinṣẹ́ mìíràn lára Sysinternals, pọ̀ di Process Monitor, tó sàn ju àwọn méjèèjì lọ. Cogswell fẹ̀yìn tì lọ́dún 2010. Sysmon, irinṣẹ́ tuntun kan, dé lọ́dún 2014, òun sì ni àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ńláńlá gbára lé lónìí. Gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Síbẹ̀, kò yẹ ká gbàgbé ohun tó bọ́ sọnù. Kóòdù àwọn irinṣẹ́ kan, tí wọ́n ti gbé jáde tẹ́lẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á kó sì kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò. ERD Commander wọnú àpò irinṣẹ́ tí Microsoft ń kó fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá bá wọn tọwọ́ bọ̀wé nìkan. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, àgbàlá ẹ̀yìn ni wọ́n fi sí. Lójú tèmi, inú rere àwọn tó ni ín ló mú kí ìyókù ṣẹ́ kù, àti pé ẹni tó ṣe irinṣẹ́ náà wọ ilé tuntun pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí òfin kankan tó ní kó rí bẹ́ẹ̀.

CCleaner ò rí irú oore yẹn. Piriform, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe é láti gbá pàǹtírí fáìlì kúrò lórí kọ̀ǹpútà tó ti ń wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2017, Avast, ilé-iṣẹ́ ńlá ti orílẹ̀-èdè Czech tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, ra Piriform. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, CCleaner 5.33 jáde pẹ̀lú májèlé nínú. Láti oṣù Kẹta làwọn olè ti wọ kọ̀ǹpútà Piriform. Ńṣe ni Avast ra ilé tí olè ti wà lókè àjà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 2.27 ló gbà á kí àṣírí tó tú ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá ni àwọn olè náà ń dọdẹ, nǹkan bí 40 kọ̀ǹpútà péré ni wọ́n sì rán májèlé kejì sí. Àwọn yòókù kàn jẹ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà kọjá. Èyí tó burú jù ni pé ojúlé Piriform gan-an ni wọ́n ti ń wà á jáde, òǹtẹ̀ Piriform tòótọ́ ló sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ṣọ́ra gan-an pàápàá bọ́ sínú rẹ̀.

Lọ́dún 2018, ẹ̀dà 5.45 dé, ó ń kó ìròyìn nípa ìlò kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, kò sì sí bí ẹni tó ni ẹ̀rọ ṣe lè pa á tán. Àwọn èèyàn pariwo, Avast sì fà á sẹ́yìn.

Ibi tí mo ti rí ààbò tó lágbára ju inú rere lọ ni ọ̀rọ̀ LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń tẹ̀wé. Sun Microsystems ra StarDivision ti Jámánì lọ́dún 1999, wọ́n sì ṣí kóòdù ètò ìtẹ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2000 ní orúkọ OpenOffice. Oracle ra Sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010. Nígbà tí ọkàn ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ò balẹ̀ sí olówó tuntun yìí, wọ́n kó kóòdù náà, wọ́n jáde, wọ́n sì kéde LibreOffice ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Oracle ò lè dá wọn dúró, nítorí kóòdù náà ti di ti gbogbo èèyàn. Keyman, tí àwọn kan lára wa fi ń tẹ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà Yorùbá, tún gba ọ̀nà yìí: SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, rà á lọ́wọ́ Marc Durdin ará Ọsirélíà lọ́dún 2015, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ pátápátá, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dassa, ní Ṣábẹ̀, ní Kétu, ojúlé Microsoft fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wà Autoruns jáde, ẹ má ṣe gbà á láti orí fláàṣì ẹlòmíràn. Ẹ máa gbọ́ ìròyìn nígbà tí irinṣẹ́ yín bá yí ọwọ́ padà. Ẹ̀yin olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé, LibreOffice ni kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà wọn.