Ta Ni Ó Dáàbò Bo Igbó Ọ̀ṣun?

Bí a bá ń kọ ìtàn Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, òfin ìjọba ni a sábà máa ń fi ṣáájú: ọdún 1965 tí a kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, àti 2005 tí UNESCO gbà á wọlé. Lójú tèmi, ọwọ́ ènìyàn ṣáájú òfin. Èèwọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń ṣọ́ igbó náà: a kì í gé igi ibẹ̀, a kì í ṣọdẹ, a kì í pẹja odò. Nígbà tí àwọn kan ń tàpá sí èèwọ̀, Susanne Wenger, Àdùnní Olóòrìṣà, àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ bíríkìlà, tún ojúbọ tí ó ń wó ṣe, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì mọ ère àti ògiri, kí aládàá lè mọ̀ pé igbó náà ní olúwa. (Àwọn tí ó pè é ní iṣẹ́ ọnà lásán kò rí i pé ọgbà ààbò ni.) Lónìí, òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ògiri kò dá odò dúró: ìwakùsà wúrà lápá òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di rúsúrúsú, omi yìí kan náà sì ni àwọn olùjọsìn ń bù mu nígbà ọdún Ọ̀ṣun, nínú oṣù kẹjọ.