Òkúta Halmidi: Ta Ló Gbé Èdè Kannada Wọ Inú Ìwé Ilẹ̀?

Ibi tí orúkọ Halmidi ti sábà máa ń jẹ yọ ni inú àríyànjiyàn lórí èdè tó dàgbà jù ní gúúsù Íńdíà. Abúlé ni, ní agbègbè Belur, ẹkùn Hassan, ìpínlẹ̀ Karnataka. Ní 1936, M. H. Krishna tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìwádìí ohun àtijọ́ ní Mysore fi òkúta kan tó wà níbẹ̀ han aráyé. Ìlà 16 ló wà lára rẹ̀, Krishna sì ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 450. Nígbà tí ìjọba Íńdíà ní kí èdè tí yóò gba oyè èdè àtayébáyé ní àkọsílẹ̀ tó ti tó 1,500 sí 2,000 ọdún, òkúta yìí wà lára ohun tí àwọn alágbàwí Kannada ń tọ́ka sí. Oyè náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 2008. Mi ò bá wọn du oyè. Ẹjọ́ mi ni pé, láti ìgbà náà, ọjọ́ orí òkúta náà la ń kà, a kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ohun tó wí.

Ohun tó wí nìyí. Ìyìn Vishnu ní èdè Sanskrit ló ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí Kannada. Nígbà tí Kakustha ti ìdílé Kadamba wà lórí oyè, Vija Arasa bá àwọn Kekaya àti Pallava jà, ó sì borí wọn níṣojú àwọn akọni ilẹ̀ Sendraka àti Bana. Olóyè méjì ní agbègbè Naridavile, Mrigesha àti Naga, wá fún un ní abúlé Palmadi àti Mulivali. Ẹ̀bùn ìfọdà ni wọ́n pè é, ẹ̀san fún jagunjagun tó ti ojú ogun bọ̀. Ẹni tó bá ba ẹ̀bùn náà jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá di tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkúta ni ìlà tó kẹ́yìn wà, ó sì yọ̀ǹda ìdá kan nínú mẹ́wàá fún àwọn Brahmin láìsí ìṣákọ́lẹ̀. Ó jọ pé ààyè iwájú ti tán kí ọ̀rọ̀ tó tán. Palmadi yìí ni Halmidi òde òní, torí pé p tó ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ nínú Kannada àtijọ́ ti di h. Orí ilẹ̀ tí òkúta náà ń jẹ́rìí sí ni wọ́n ti rí i.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bàbà tí wọ́n rí ní Halsi. Kakusthavarma ti ìdílé Kadamba, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni Kakustha inú òkúta náà, ló ni ọ̀rọ̀ inú àwo yẹn: ó fi oko kan ta Shrutakirti lọ́rẹ, ọ̀gágun tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọ̀ràn kan náà ni, jagunjagun ṣe iṣẹ́, ó gba ilẹ̀. Síbẹ̀ Sanskrit ni wọ́n fi kọ ti Halsi. Sanskrit náà ni Mrigeshavarma àti Ravivarma, àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, fi kọ àwo tiwọn. Kí gbogbo wọn tó dé, èdè Prakrit ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ adágún omi Mayurasharma, olùdásílẹ̀ ìdílé náà, sára àpáta ní Chandravalli. Ààfin ti kúrò lórí Prakrit bọ́ sórí Sanskrit, kò yà sọ́dọ̀ Kannada. Àwọn olóyè ìgbèríko ló yà síbẹ̀.

Mo gbà pé ìdí rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tí àwo àti òkúta ń ṣe. Ẹni tó ni àwo bàbà ló ń tọ́jú rẹ̀, ìgbà tí ìjà ilẹ̀ bá dé ló ń mú un jáde fún àwọn tó mọ̀wé. Ìta gbangba ni òkúta ń dúró sí. Àwọn tó ń ro oko ní Palmadi ló gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọn yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún, àwọn náà sì ni wọ́n máa ṣẹlẹ́rìí bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ilẹ̀ náà. Bí ẹnì kan bá kà á sókè, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ èyí tó kàn wọ́n. Wọ́n fi Sanskrit sílẹ̀ fún òrìṣà.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òkúta náà kò dárúkọ ọdún. Ìrísí lẹ́tà àti orúkọ Kakustha ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, àwọn onímọ̀ kan kò sì gbà pé Kakustha yìí ni ọba tó ni àwo Halsi. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, tí òkúta náà sì kéré sí bí wọ́n ṣe ń kà á, àwo àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn kò yé jẹ́ Sanskrit. Àlàfo tó wà láàárín ààfin àti ìgbèríko kò dí.

Àtakò kejì le díẹ̀: Kannada inú òkúta náà kún fún ọ̀rọ̀ Sanskrit tí wọ́n so pọ̀ gbọọrọ, débi pé àgbẹ̀ kò lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi oríkì Vija Arasa àti ti ìdílé rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ gígùn náà pọ̀ sí. Níbi tí ilẹ̀ ti ń yí ọwọ́ padà, gbólóhùn kúrú, ọ̀rọ̀ ìṣe sì jẹ́ Kannada: koṭṭār, wọ́n fún un, viṭṭār, wọ́n yọ̀ǹda. Ọwọ́ akọ̀wé náà sì ti mọ́ ọn. Ó mọ bí a ṣe ń fi àfòmọ́ Kannada há ọ̀rọ̀ Sanskrit láìjẹ́ kí gbólóhùn já, èyí tó mú kí n gbà pé àwọn kan ti ń kọ èdè náà ṣáájú rẹ̀. Kavirajamarga, ìwé lítíréṣọ̀ Kannada tó lọ́jọ́ lórí jù nínú èyí tó kù, di nǹkan bí ọdún 850 kó tó dé, òun náà sì dárúkọ àwọn òǹkọ̀wé tó ṣáájú.

Àwọn awalẹ̀wádìí kan ti ń sọ báyìí pé àkọsílẹ̀ Kannada tí wọ́n rí ní Talagunda, ní ẹkùn Shivamogga, ti wà láti nǹkan bí ọdún 370. Bí ó bá fìdí múlẹ̀, Halmidi kì í ṣe àkọ́kọ́ mọ́. Talagunda ní ìsopọ̀ tímọ́tímọ́ pẹ̀lú ìdílé ọba Kadamba, nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ ọdún níbẹ̀ ni bóyá ààfin ló ni Kannada yẹn, tàbí ẹlòmíràn tó ní ilẹ̀ láti fi tọrẹ. Bó bá jẹ́ ààfin, ibẹ̀ ni àlàyé mi yóò ti gba àtúnṣe.