Ìfaradà ata

Ìfaradà ata ni bí ènìyàn ṣe lè jẹ oúnjẹ tí ó ta tó láìsí ìnira. Ó yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ó sì tún yàtọ̀ láàárín àwọn tí ó jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Èyí hàn ní Ṣómólú àti Bàrígà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn Yorùbá, Ẹ̀gùn, Ìgbò, Haúsá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń jẹun ní àdúgbò kan náà.

== Ìtàn ==

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata rodo, tàtàṣé àti ṣọ̀ḿbọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn ọdún 1492 ni àwọn oníṣòwò Potogí kó irú àwọn ata bẹ́ẹ̀ wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí wọ́n tó dé, ataare àti iyèré wà lára ohun tí ń mú ọbẹ̀ ta. Lónìí, ata ti di ara ìgbé ayé Yorùbá débi tí òwe fi sọ pé ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni.

== Bí ata ṣe ń ta ==

Capsaicin ni èròjà tí ń mú ata ta. Ó máa ń ru TRPV1 sókè nínú iṣan ara, èyí tí ó tún ń sọ fún ọpọlọ pé nǹkan gbígbóná kan ara. Nítorí náà, ìrora ni títa ata, kì í ṣe adùn. Ikọ̀ David Julius ṣàwárí TRPV1 ní 1997, Julius sì wà lára àwọn tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Bí ènìyàn bá ń jẹ ata léraléra, iṣan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora náà lára mọ́. Bí ó bá ṣíwọ́ fún ìgbà pípẹ́, ata á tún máa ta á. Omi kì í fọ capsaicin kúrò lẹ́nu dáadáa. Mílíìkì sàn jù ú lọ.

== Ìdí ìyàtọ̀ ==

Ní 1998, Jennifer Billing àti Paul Sherman dábàá pé àwọn ará ilẹ̀ olóoru ń lo èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán púpọ̀ nítorí pé ó ń pa kòkòrò àrùn. Ní 2021, Lindell Bromham àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀nà ìsebẹ̀ tí ó lé ní 33,000 wò, láti inú àṣà ìdáná 70. Wọn kò rí ẹ̀rí tó tó fún àbá náà. Àṣà ilé ṣe pàtàkì púpọ̀: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi ata kọ́ ọmọ.

== Ipò ata nínú oúnjẹ ==

Ní Sẹ̀nẹ̀gà, odidi ata ni wọ́n sábà ń sè pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹja, kí olúkúlùkù lè bù ú bí ó ti fẹ́. Ní Gánà, ṣìtọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ti súyà ní Èkó: oníbàárà lè ní kí wọ́n dín yájì kù. Ẹni tí ń jẹ àmàlà lè gba ọbẹ̀ ata díẹ̀, kí ó fi ewédú àti gbẹ̀gìrì rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú àsáró, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ayamáṣe, ata ti wọ inú oúnjẹ pátápátá. Ẹni tí kò lè fara dà á kò ní àṣàyàn.

== Ọjà àti ìlera ==

Púpọ̀ nínú ata tí wọ́n ń jẹ ní Èkó wá láti Àríwá Nàìjíríà, ó sì ń gba ọjà Mile 12 kọjá. Nígbà tí àwọn oníṣòwò dá oúnjẹ dúró lójú ọ̀nà ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ata di ọ̀wọ́n ní Gúúsù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ata ní ń fa ọgbẹ́ inú. Kòkòrò Helicobacter pylori àti àwọn oògùn ìrora kan ni okùnfà pàtàkì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ata lè mú kí inú máa ta aláìsàn náà.