Ẹ̀rí Ìyàwó Àkọ́fẹ́: Ìwé Méjì tí Cynthia Lennon Kọ

Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1964, nǹkan bí mílíọ̀nù 73 ènìyàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti wo ẹgbẹ́ akọrin Beatles lórí ètò Ed Sullivan. Bí wọ́n ti ń fi ojú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin náà hàn lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ orúkọ wọn sábẹ́ àwòrán. Nígbà tí ó kan John Lennon, wọ́n fi gbólóhùn kan kún un pé kí àwọn ọmọge má bínú, ó ti níyàwó. Ẹ̀fẹ̀ ni. Wọn kò dárúkọ ìyàwó náà.

Cynthia Powell ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1939 ni wọ́n bí i. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Liverpool ni òun àti John ti pàdé, nígbà tí Cynthia ń múra láti di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1962, lẹ́yìn tí oyún ti dé, wọ́n ṣe ìgbéyàwó kóòtù. Ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń fọ́ ilẹ̀ níta ń pariwo débi pé agbára káká ni wọ́n fi gbọ́ ohun tí akọ̀wé ìgbéyàwó ń sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọkọ ìyàwó lọ kọrin níbòmíràn.

Láti ìgbà náà ni ìfarapamọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Brian Epstein, alámòójútó ẹgbẹ́ náà, gbà pé àwọn ọmọbìnrin tí ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ wọn ti di ọkọ oníyàwó. Nítorí ọjà, Cynthia gbé oyún bí ẹni gbé ẹrù òfin. Nígbà tí ó bí Julian ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1963, ọjọ́ díẹ̀ kọjá kí bàbá tó fojú kan ọmọ. Ìgbà tí ọdún náà ń parí lọ ni àwọn oníwèé ìròyìn tú àṣírí. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fi ṣe pàtàkì sí ìtàn: ẹni tí wọ́n fi pamọ́ ló rí ohun tí kámẹ́rà kò rí.

Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Cynthia ti ìsinmi dé láti ilẹ̀ Gíríìsì, ó bá Yoko Ono pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ nínú ilé wọn. Kí ọdún ó tó parí, ilé-ẹjọ́ tú wọn ká.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni ìwé àkọ́kọ́ jáde: A Twist of Lennon. Twist ni orúkọ ọkọ tí ó ń bá gbé nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán inú ìwé náà, ọwọ́ ayàwòrán kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìròyìn News of the World fẹ́ tẹ ìtàn rẹ̀ jáde, John gba ilé-ẹjọ́ lọ láti dá a dúró. Ó ní àṣírí lọ́kọláya ni. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Lord Denning jókòó sí, kọ̀ fún un: àwọn méjèèjì ti fẹnu ara wọn gbé ọ̀rọ̀ ilé wọn sí gbangba, wọ́n sì ti ń gbowó lórí rẹ̀. Ó ṣòro kí ènìyàn má gbà pẹ̀lú adájọ́ yìí. Olórin tí ó ti sọ ti ẹnu rẹ̀ fún àwọn oníròyìn kò lè fi òfin dí ẹnu ẹnìkejì.

Ìwé kejì, John, jáde ní ọdún 2005. Ọdún 25 ti kọjá tí wọ́n ti yìnbọn pa John ní New York, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1980. Níhìn-ín ni Cynthia ti sọ ọ́ láìfi bò pé nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́, John fi owú gbá òun lójú nítorí òun bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Stuart Sutcliffe, jó. Ó fi John sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó tó gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òkú kò lè fèsì. Ìjíròrò tí Cynthia kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún kò sì lè jẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti Yoko Ono ni, a kò gbọdọ̀ fi ojú Cynthia nìkan wò ó, nítorí ọgbẹ́ náà kò tíì san nígbà tí ó ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ti ìgbátí yàtọ̀. Ní ọdún 1980, ìgbà díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀, John fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn Playboy pé òun a máa lu obìnrin nígbà èwe òun. Ẹnu olùjẹ́jọ́ ti gbe ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án lẹ́sẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnìkan ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ibi báyìí ni ìwé ìtàn ìgbésí-ayé ara-ẹni ti ń kúrò ní ẹjọ́ wẹ́wẹ́ tí ó ń di ẹ̀rí.

Julian ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, tí ó gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ní ìparí, Cynthia ní bí òun bá ti mọ̀ ní ọmọge ibi tí ìfẹ́ John yóò gbé òun dé, òun ì bá ti yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti fẹ́ ọkọ mẹ́ta mìíràn, Cynthia Lennon ni ó wà lára ìwé náà. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fi kéde ikú rẹ̀ ní Mallorca, ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2015.